Ìbọn Ọdẹ Tí Kò Wọ́n, àti Ìbéèrè Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Bi Mí

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nígbà tí mo pinnu láti ra ìbọn ọdẹ ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, níbi tí èmi àti ìdílé mi ti ń gbé láti ọdún 2011, àpò mi ni mo kọ́kọ́ wò, n kò wo ilé. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń gbé ní Amẹ́ríkà ni aládùúgbò yóò pè lọ sí igbó lọ́jọ́ kan, tí ẹ ó sì fẹ́ mọ irú ìbọn tí ẹ lè rà láìjẹ gbèsè.

Ní agbègbè wa, àkókò tí a ń fi ìbọn ṣọdẹ àgbọ̀nrín máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀lé Ọjọ́ Ìdúpẹ́, ní ìparí oṣù kọkànlá. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ìgbèríko kì í ṣí ní ọjọ́ Ajé tó bá tẹ̀lé e, nítorí àti olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ló ti wà nínú igbó. Aládùúgbò wa kan, bàbá àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, pè mí lẹ́ẹ̀mẹta, ọdọọdún lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀mejì àkọ́kọ́, mo wá àwáwí. Nígbà tó máa fi pè mí lẹ́ẹ̀kẹta, bàbá mi ti kú ní Ṣakí, mo sì gbọ́ tí ẹnu ara mi ń dáhùn pé, "Mo ń bọ̀."

Ọdẹ ni bàbá mi. Kì í ṣe ọdẹ orúkọ lásán. Ẹran ìgbẹ́ ló fi ń san owó ilé-ìwé wa. Ìbọn ṣakabùlà ló ń lò. Ẹni tó bá fẹ́ lo irú ìbọn bẹ́ẹ̀ yóò da ẹ̀tù sí i láti ẹnu, yóò fi èkísà dí i, yóò da ọta lé e, yóò sì fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ohun tó bá ti wọ inú rẹ̀ kì í fẹ́ jáde mọ́. Ọ̀nà tó rọrùn jù lọ láti tú u ni kí ọdẹ yìn ín. Ọdẹ tí kò bá rí ẹran pa yóò gbé e wálé pẹ̀lú ẹ̀tù nínú rẹ̀, yóò kàn yọ fìlà kékeré tó ń ta iná sí i kúrò, ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀.

Ní ọdún 1989, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, bàbá mi ti ìgbẹ́ dé ní ìdájí pẹ̀lú ibà lára. Ó gbé ìbọn kọ́ sára ògiri. Ìyá mi bi í bóyá ó ti tú u. Ó ní, "Kò sí nǹkan nínú rẹ̀." Etí ara mi ni mo fi gbọ́ ọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ dáadáa, mo gun orí àpótí, mo sọ ìbọn náà kalẹ̀, mo fi ìdí rẹ̀ ti ikùn, mo fa òòlù rẹ̀ sẹ́yìn bí mo ṣe ń rí i tí bàbá mi ń ṣe, mo sì kọ ẹnu rẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbálẹ̀.

N kò ní sọ púpọ̀ nípa ohun tó tẹ̀lé e. Ẹ̀gbọ́n mi kò kú. Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ní ilé ìwòsàn, ó sì ń tiro títí di òní. Bàbá mi kò nà mí. Ó ta ìbọn náà, kò sì ṣọdẹ mọ́ títí ó fi kú. N kò tún gbọ́ kí ó sun ìjálá lójú agbo. Nígbà tí mo sọ fún aládùúgbò mi pé mo ń bọ̀, ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé mo fẹ́ mọ ohun tí bàbá mi fi sílẹ̀ nítorí mi.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi, kò pariwo. Ó fọ àwo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó nu ọwọ́, ó ní, "Ọjọ́ mélòó ni ẹ máa fi ṣọdẹ lọ́dún?"

Mo ní bóyá ọjọ́ mẹ́ta.

Ó ní, "Ìyẹn ni pé ìbọn yìí yóò wà pẹ̀lú àwa àti ọmọ mẹ́ta nínú ilé yìí fún ọjọ́ 362. Dọ́là 800 ni a lè yọ sílẹ̀, gbogbo ìnáwó pátá ni mo sì ń sọ, pẹ̀lú àpótí irin tí ẹ máa tì í mọ́. Ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín ní Ṣakí. Bí wọ́n bá gbà, èmi náà gbà."

N kò pe ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa ìbọn, nítorí ó rọrùn fún mi láti máa wo iye owó ju kí n gbọ́ ohùn rẹ̀ lọ.

Òtítọ́ àkọ́kọ́ tí mo rí ni pé bó bá jẹ́ ti owó nìkan, ìbọn onílífà kọ́ ló dínwó jù. Àwọn ìbọn tí a ń fi ọwọ́ fa irin ẹ̀gbẹ́ wọn sẹ́yìn kí ọta tó wọlé, irú bí Savage Axis tàbí Ruger American, sábà máa ń dínwó jù ú lọ, wọ́n sì ń ta jìnnà jù ú lọ. Ní ti ìbọn tó ń kó ọta wọlé fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tó bá dún, òfin Pennsylvania kò gbà kí a fi í pa àgbọ̀nrín. Kí ló wá dé tí mo fi yan onílífà?

Lífà ni irin tó tẹ̀ bí òrùka lábẹ́ ibi tí ọwọ́ ti ń di ìbọn mú. Bí ẹ bá tì í sísàlẹ̀, ìkarahun ọta tó ti dún yóò fò jáde. Bí ẹ bá fà á padà sókè, ọta mìíràn yóò wọ ìyẹ̀wù, ìyẹn ihò tí ọta ń jókòó sí kí ó tó dún. Ìbọn náà kúrú, ó tẹ́ pẹlẹbẹ, kò sì wúwo lọ́wọ́ ẹni tó ń rìn láàárín igi. Igbó tiwa dí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹran máa ń hàn sí ọdẹ nígbà tí kò tó yáàdì 100 sí i. Ọta .30-30, tó ti wà láti ọdún 1895, tó fún irú igbó bẹ́ẹ̀, bí ọdẹ kò bá ti fi yin ẹran tó ju nǹkan bí yáàdì 150 sí 200 lọ. Kì í gbá èjìká jù, èyí sì ṣe pàtàkì fún ẹni tí kì í yìnbọn ju ìgbà díẹ̀ lọ lọ́dún.

Ìdí kan tún wà tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Òòlù ìbọn onílífà wà níta, bíi ti ṣakabùlà. Ojú ń rí i bóyá ó ti dìde tàbí ó ṣì sùn.

Nígbà náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í to orúkọ wọn. Winchester 1894, tí John Browning ṣe àgbékalẹ̀ rẹ̀, ni ó gbajúmọ̀ jù. Ó ju mílíọ̀nù méje tí wọ́n ti ṣe. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é ní New Haven ti kógbá wọlé ní ọdún 2006. Ilẹ̀ Japan ni wọ́n ti ń ṣe tuntun rẹ̀ báyìí, owó rẹ̀ sì kọjá agbára mi. Èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 1964 ti di ohun tí àwọn olùkójọ ń du ara wọn lórí rẹ̀. Àwọn tó tẹ̀lé e kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, òkè ni ìkarahun ọta ti ń fò jáde lára wọn, kì í sì í rọrùn láti gbé awò lé orí wọn.

Marlin 336 bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1948. Òkè tirẹ̀ dí, ẹ̀gbẹ́ ni ìkarahun ń gbà jáde, nítorí náà awò lè jókòó sórí rẹ̀ láìsí wàhálà. Ilé-iṣẹ́ Ruger ra orúkọ Marlin ní ọdún 2020, wọ́n sì ti padà ń ṣe 336, àmọ́ tuntun rẹ̀ ju dọ́là 1,000 lọ. Rossi R95, tí wọ́n ń ṣe ní Bùràsíìlì, fara jọ Marlin, ó sì dínwó jù ú lọ. Síbẹ̀, bí mo bá ra tuntun rẹ̀, kò ní sí owó àpótí irin. Henry náà wà, tí wọ́n fi orúkọ Benjamin Tyler Henry sọ, ọkùnrin tó gba ìwé àṣẹ lórí ìbọn onílífà tirẹ̀ ní ọdún 1860. Ìbọn tó dán, tó sì rọ̀ lọ́wọ́ ni, ṣùgbọ́n òun náà kò kéré lówó.

Lẹ́yìn gbogbo wọn ni mo wá gbọ́ orúkọ Glenfield. Orúkọ yìí ni Marlin fi ń ta ìbọn aládínwó láyé ìgbà kan, kí wọ́n tó pa á tì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Irin inú Glenfield 30 kò yàtọ̀ sí ti Marlin 336. Igi ìdí rẹ̀ ni kò ní ẹwà: igi birch ni dípò walnut. Ilé-ìtajà kan nítòsí wa ní ọ̀kan tó ti lò rí, dọ́là 430 ni wọ́n pè é. Inú mi dùn. Mo rò pé mo ti parí iṣẹ́, mo sì pe ẹ̀gbọ́n mi.

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé ìlà ti já.

"O wá fẹ́ ra ìbọn," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Bí ẹ bá gbà."

"Ṣé o rántí ohun tí Bàbá sọ láàárọ̀ ọjọ́ náà?"

"Mo rántí, mà."

"Ó dáa. Ìbéèrè kan péré ni mo ní. Báwo ni wọ́n ṣe ń tú u?"

Mo ti ka nǹkan nípa ọdún, igi, irin, iye owó àti bí ọta ṣe ń jìnnà tó. N kò ní ìdáhùn kankan. Mo ní, "N ó pè yín padà, ẹ̀gbọ́n mi."

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀lé e, mo padà sí ilé-ìtajà náà, mo sì bi obìnrin tó ni ín ní ìbéèrè ẹ̀gbọ́n mi gan-an. Kò rẹ́rìn-ín. Ó mú ọta àfarawé mẹ́ta, irú èyí tí kò ní ẹ̀tù, ó gbé Glenfield náà lé orí tábìlì, ó sì kó wọn sí i láti ojú ilẹ̀kùn kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé ọta kì í gba ibẹ̀ padà jáde. Ẹni tó bá fẹ́ tú u gbọ́dọ̀ kọ ẹnu ìbọn sí ibi tí kò léwu, kí ó yọ ìka kúrò níbi tí a ń fà, kí ó sì máa ti lífà sísàlẹ̀ sókè títí gbogbo ọta yóò fi gba inú ìbọn kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí lífà bá ṣe ń lọ tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni òòlù ń dìde. Àyà mi là gààràgà.

Ó wá gbé Henry kan jáde, irú èyí tí ọta rẹ̀ ń gba ọ̀pá tó wà lábẹ́ ojú ìbọn wọlé. Ó kó ọta mẹ́ta náà sí i, ó ti lífà lẹ́ẹ̀kan, ó sì fi òòlù náà balẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ló fa ọ̀pá náà jáde tó sì tẹ ìbọn dorí kodò. Ọta dà sórí tábìlì bí àgbàdo tó já nínú àpò. Kò sí ìdìde òòlù, kò sí lífà. Mo sọ lọ́kàn mi pé èyí ni ìdáhùn ẹ̀gbọ́n mi. N ó dúró ọdún kan sí i, n ó sì fi owó kún owó.

Obìnrin náà ní, "Ṣé ó ti ṣófo?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ ka ọta tó wà lórí tábìlì."

Méjì ni. Ó ti lífà sísàlẹ̀, ọta kẹta sì fò jáde láti inú ìyẹ̀wù, ó bọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi. Ó ní, "Ọ̀pá ló ṣófo. Ìbọn kò tíì ṣófo."

Mo dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ̀rọ̀ bàbá mi gẹ́lẹ́, lẹ́yìn ọdún tó ju ọgbọ̀n lọ, ní ilẹ̀ òkèèrè, pẹ̀lú ìdánilójú kan náà. Bàbá mi kò purọ́ fún ìyá mi. Ó gbàgbọ́ pé òun ti yọ fìlà ìbọn náà. Kò kàn wò ó. Láti ìgbà náà ni ó ti yé mi pé owó tó lé tí mo fẹ́ fi ra Henry yóò ra ìrọ̀rùn fún mi, òótọ́ ni, n kò sì ní sọ pé kí ẹni tó bá lówó rẹ̀ má rà á. Ṣùgbọ́n kò sí ìbọn tí owó rẹ̀ wọ́n tó láti bá ènìyàn wo inú ìyẹ̀wù. Ẹni tó bá ń ṣí lífà tó sì ń wò lè fi ọkàn balẹ̀ pẹ̀lú ìbọn dọ́là 430. Ẹni tí kì í wò, ewu ni èyíkéyìí lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí mo ṣe ra Glenfield nìyẹn. Ẹ̀yin tó bá fẹ́ ra àlòkù, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a yẹ̀ wò. A fi iná kékeré wo inú ojú ìbọn láti òpin kan dé èkejì, bóyá ìpẹtà wà níbẹ̀ tàbí ìlà inú rẹ̀ ti jẹ. A wo etí ẹnu rẹ̀ bóyá ó ti gbún. A wo igi ìdí rẹ̀ níbi tó ti pàdé irin, nítorí ibẹ̀ ló sábà máa ń là. A mi lífà láti mọ̀ bóyá ó ti ń yọ̀, a sì fi ọta àfarawé gba inú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí irin tó ń gbé ọta sókè nínú irú ìbọn yìí lè jẹ bí ó bá ti gbó, ọta á wá há. A wo òòlù rẹ̀ níbi ìdúró àárín, bóyá ó dúró ṣinṣin. Ìbọn àtijọ́ bẹ́ẹ̀ kò ní bọ́tìnnì ìdènà tí wọ́n fi kún àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀. Ìdúró àárín yìí nìkan ló ní, nítorí náà ọwọ́ gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń sọ òòlù kalẹ̀ kí ọta gidi tó wọ inú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù 4473 ti ìjọba àpapọ̀, wọ́n sì yẹ orúkọ mi wò lọ́dọ̀ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀. Ẹni tó ní ìwé ìgbélùú títí láé lè rà á bí ọmọ ìlú. Ẹni tó wá pẹ̀lú físà ìgbà díẹ̀, títí kan físà akẹ́kọ̀ọ́, òfin kò gbà á láyè àyàfi bí ó bá bọ́ sí abẹ́ àwọn ìyọ̀ǹda díẹ̀ tí òfin náà là sílẹ̀, irú bíi pé kí ó ní ìwé àṣẹ ọdẹ. Ẹ má fi ìyẹn ṣeré.

Nínú dọ́là 800 náà, ìbọn gba 430. Àpótí irin tí mo fi ìdè kàn mọ́ ògiri gba 150. Páálí ọta mẹ́rin, ogún-ogún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, gba 130. Ìyókù lọ sórí ìwé àṣẹ, ẹ̀wù àti fìlà aláwọ̀ ọsàn tí òfin ní kí ọdẹ wọ̀ sí orí, àyà àti ẹ̀yìn. Ọta onímú pẹlẹbẹ ni mo rà, nítorí inú ọ̀pá irú ìbọn yìí, ọta kan ń tẹ̀lé ìdí èkejì; bí ìmú ti ẹ̀yìn bá mú ṣóńṣó tó sì le, ìgbájá ìbọn lè mú un gún ìdí ti iwájú, kí ó sì dún níbi tí a kò fẹ́. Mo lọ sí ẹ̀kọ́ dandan tí wọ́n ń kọ́ ẹni tó fẹ́ gba ìwé àṣẹ ọdẹ fún ìgbà àkọ́kọ́, mo sì yin ọta 60 nínú 80 náà ní pápá ìdánrawò kí àkókò ọdẹ tó dé. Bó bá ṣe ìbọn olówó gọbọi ni mo rà, n kò ní lówó ọta tí n ó fi mọ̀ ọ́n lò.

Ọjọ́ tí mo gbé ìbọn náà wálé, mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fídíò. Ìyàwó mi jókòó tì mí. Mo ti lífà sísàlẹ̀, mo fi iná sí ìyẹ̀wù náà, mo sì gbé fóònù sún mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n mi tẹjú mọ́ ọn láti Ṣakí.

"Fi ìka rẹ síbẹ̀," ló wí.

Mo fi ìka mi tí kò gùn jù sínú ihò náà.

"Kò sí nǹkan níbẹ̀?"

N kò lè fi ẹnu ara mi sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún un. Mo ní, "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, mà."

Ó tún wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Mo rí ihò. Ihò lásán ni." Ó bi ìyàwó mi bóyá kọ́kọ́rọ́ àpótí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó mi na kọ́kọ́rọ́ náà sókè. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ó dáa. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ yín," ó sì yí ọ̀rọ̀ sí iye tí iṣu ń jẹ́ lọ́jà.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ àkókò ọdẹ, aládùúgbò mi fi mí sí ẹ̀yìn igi ńlá kan kí ilẹ̀ tó mọ́. Òtútù ń ta. Ọta mẹ́ta ni mo kó sínú ìbọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án, akọ àgbọ̀nrín kan jáde ní orí òkè kékeré tó wà níwájú mi, kò jìnnà rárá. Mo gbé ìbọn sókè. Lẹ́yìn ẹran náà, ojú ọ̀run nìkan ni mo rí. N kò mọ ẹni tàbí ilé tó lè wà ní ẹ̀yìn òkè náà. Mo sọ ìbọn kalẹ̀. Ẹran náà wò mí, ó na ìrù funfun rẹ̀ sókè, ó sì lọ. Mo rántí bàbá mi dáadáa ní wákàtí náà, kì í ṣe bí ẹni tó ta ìbọn rẹ̀, bí kò ṣe bí ẹni tó ń jókòó sínú òkùnkùn, tó ń mí díẹ̀díẹ̀, tó sì ń dúró.

Wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, tó bá pa ẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Èmi kò ní ẹran tí n ó fi du ẹnikẹ́ni lọ́dún náà. Nígbà tí oòrùn wọ̀, mo kọ ẹnu ìbọn sí ilẹ̀, mo ti lífà, mo fà á, mo tún tì í. Mo ṣa ọta náà nínú ewé gbígbẹ, mo kà wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́, mo wo ìyẹ̀wù, mo fi ìka sí i. Lẹ́yìn náà ni mo fi ọ̀rọ̀ ṣókí ránṣẹ́ sí Ṣakí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, n kò pa nǹkan kan. Mẹ́ta wọlé, mẹ́ta jáde."

Òru ti jìn lọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n kò tíì sùn. Ó dá mi lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé, "Mo ti ń retí rẹ̀. Lọ jẹun."